Ìjàpá Gbin Tíìkì Sétí Odò

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo àti àwọn ẹja odò kékeré kan tó ń ti orí òkè Atakpamé sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò Amou, kí odò méjèèjì tó jọ wọ odò Mónò.

Láyé ìgbà náà, igbó etí odò ló ń ṣíji bo omi. Gbòǹgbò igi di bèbè mú, abẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹja ń sá sí. Kòkòrò tó bá já bọ́ láti orí ewé, tàbí ọ̀pọ̀tọ́ tó bá bọ́ sómi, oúnjẹ ọ̀sán ẹja nìyẹn.

Kìnnìún wá kéde pé ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ni ọjọ́ igi ní gbogbo Tógò. Ẹni tó bá gbin igi jù ni yóò gba ẹ̀bùn. Ìjàpá gbé àáké, ó gé igbó etí odò láti rí àyè gbin igi. Yánníbo ní, “Baálé mi, ṣé a máa ń gé igi ká tó gbin igi ni?”

Ìjàpá ní, “Igi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn kì í ṣe igi. Kò sí nínú ìwé.”

Ló bá gbin tíìkì dé ẹnu omi. Igi ilẹ̀ Íńdíà ni. Àwọn Jámánì ló gbé e wọ Tógò, àwọn kan náà tó kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò sí Kamina nítòsí Atakpamé, tí wọ́n tún fọwọ́ ara wọn fọ́ ọ ní 1914. Èmi ò bá tíìkì jà o, òrùlé yín jẹ́rìí rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ń wá ìbòòji lójú méjèèjì gan-an ni tíìkì ń wọ́wé, tó ń dúró níhòòhò. Iná ọdẹ jó ewé gbígbẹ náà, òjò àkọ́rọ̀ sì gbá erùpẹ̀ wọ odò. Ẹrẹ̀ bo ẹyin Epìyà. Omi gbóná, bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ dúró. Àwọn ẹja la ẹnu sókè, wọ́n fi orin bọ̀ ọ́:

Ta ló gé igi etí odò wa?
*Ìbòòji dà o, ìbòòji dà?*
Ìjàpá ló gbé àáké dé.
*Ìbòòji dà o, ìbòòji dà?*
Ẹrẹ̀ ti bo ọmọ mi mọ́lẹ̀.
*Ìbòòji dà o, ìbòòji dà?*
Oòrùn ọ̀sán wọlé tọ̀ wá.
*Ìbòòji dà o, ìbòòji dà?*

Wọ́n rán Àrọ̀ lọ bá Ìjàpá sọ ọ́. Ìjàpá fi fùfú iṣu ṣe é lálejò, ó ń pè é ní “Alága wa.” Nígbà tí Àrọ̀ padà dé, ó nu irùngbọ̀n, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ń pariwo jù. Èmi ń mí dáadáa.”

Òótọ́ ló sọ. Àrọ̀ ní ohun tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè nínú orí rẹ̀, ẹja tó kù ò ní in. Síbẹ̀, lóru ọjọ́ tí òjò rọ̀, Alága rọra fi lẹbẹ wọ́ gba orí ilẹ̀ kọjá lọ sí odò mìíràn.

Ìjàpá rí i. Kíá ló kọ̀wé sí Kìnnìún: “Kábíyèsí, ọgbà wa dára débi pé ẹja ń jáde sórí ilẹ̀ wá wò ó.”

Kìnnìún fún un lẹ́bùn, ó sì bi í pé odò wo ló kàn.