Eku Apárí, A Ti Rí Inú Rẹ!

Ẹ bá mi wo eku yìí! Kò nírun lórí, kò nírun níkùn, kò nírun nídìí. Glasgow ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí irú wọn ní 1962. Níbi tí òtútù ti ń mú ẹni tó wẹ̀wù mẹ́ta, ibẹ̀ ni eku ti wá rìn níhòòhò! Ara rẹ̀ kò tún mọ bí wọ́n ṣe ń lé àlejò. Gbin jẹjẹrẹ ènìyàn sí i lára, á fún un ní yàrá àti pálọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi fẹ́ràn rẹ̀. Wọn á fi gáàsì kùn ún lóorun, wọn á gún un lábẹ́rẹ́ aró tó ń tàn kí wọ́n lè rí jẹjẹrẹ náà. Aláró ń rẹ aṣọ, tiwọn ń rẹ eku! Wọn á wá tan iná tí ojú wa ò rí sí i lára. Iná búlúù àti aláwọ̀ ewé ti gbìyànjú, ẹ̀jẹ̀ mu wọ́n bí ẹmu ọ̀fẹ́. Èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn jù, omi ara ló ń mu tiẹ̀. Láàárín ọ̀mùtí méjèèjì, ní nǹkan bí 700 sí 900 nánómítà, ni ìmọ́lẹ̀ ti ráyè kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ségesège! Ẹni tí wọn ò mu ló wá ń rìn bí ẹni tó mu.

Kí ìmọ́lẹ̀ náà tó yọ lára eku, kò rántí ibi tó ti wá mọ́. Kọ̀ǹpútà ló wá jókòó bí babaláwo: wọ́n tanná lọ́tùn-ún, wọ́n tàn án lósì, ó ṣírò ohun tó jáde, ó ní ibi báyìí ni jẹjẹrẹ wà, bó ṣe jìn tó nìyí. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ntziachristos, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí jẹjẹrẹ inú ọpọlọ eku ní 2002, láìla agbárí.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́ o! Nǹkan ń tàn nínú ìfun, ẹ ti ń pàtẹ́wọ́. Ewéko inú oúnjẹ eku ni! Lẹ́yìn ìtìjú yẹn ni wọ́n gba ewé lẹ́nu rẹ̀. Irun ò sí tẹ́lẹ̀, ẹ̀fọ́ náà tún lọ.

Ọ̀gá kan wá ń fọ́nnu pé èèyàn ló kàn. Èèyàn wo? Sẹ̀ǹtímítà mélòó kan péré ni ìmọ́lẹ̀ yìí lè rìn. Kó tó dé ẹ̀dọ̀ ọ̀gá, ikùn iyán ti dá a dúró. Eku apárí, máa rẹ́rìn-ín: títínrín rẹ la fi rí inú rẹ. Àgbà ti ní inú èèyàn jìn. Ìmọ́lẹ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́rìí sí i ni.