Ewé Tó Kù Nínú Ìgò Ìyá Pinkham

Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ ni òwe yìí lẹ́nu adáhunṣe àtijọ́, nítorí ó gbà pé ẹni tó po oògùn lè ṣì í pò, àmọ́ bí ó bá bọ́ sẹ́nu oníṣòwò, àwáwí tí aláìsàn yóò fi tún tọwọ́ bàpò ni ó ń dà.

Lórí ààrò ilé ni Lydia Pinkham, obìnrin ìlú Lynn ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti kọ́kọ́ ń se àgbo rẹ̀, tí ó ń fi ta aládùúgbò lọ́rẹ. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 1873, tí ọkọ rẹ̀ sì wọ gbèsè, ni àgbo náà di ọjà ní 1875, dọ́là kan fún ìgò kan, fún àìsàn obìnrin. Oògùn "patent" ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, patent sì ni ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń dáàbò bo ohun tí ènìyàn hùmọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà wọ́n kò gba ìwé náà rí, nítorí ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ tú àṣírí èròjà rẹ̀ síta. Gbòǹgbò black cohosh àti hóró fenugreek wà nínú àgbo Pinkham, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ọtí, èyí tí ilé iṣẹ́ Pinkham ní kí àgbo má baà bàjẹ́ lásán ni àwọn ṣe fi sí i. Obìnrin tó ti búra pé ọtí kò ní kan ẹnu òun láéláé ń fi ṣíbí bu ú mu, ara rẹ̀ sì ń yá gágá. Ewé wo ló tún kù?

Ojú ìyá àgbà náà ló kù, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìpolówó láti 1879, tí wọ́n sì ń rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n kọ àròyé wọn ránṣẹ́ sí i. Pinkham kú ní 1883, ṣùgbọ́n ìròyìn ikú náà kò dé etí ìpolówó. Lẹ́tà ń lọ, èsì ń bọ̀, títí ìwé ìròyìn Ladies' Home Journal fi tẹ àwòrán òkúta ibojì rẹ̀ jáde ní 1905. (Yorùbá tó bá fẹ́ bá òkú sọ̀rọ̀ a máa mú obì lọ sójú oórì, sítáǹbù ni àwọn wọ̀nyí ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà.)

Òfin oúnjẹ àti oògùn ti 1906 fi túláàsì mú ilé iṣẹ́ náà kọ iye ọtí sára ìgò, síbẹ̀ ọjà kò kú. Nǹkan bí 1925, nígbà tí ọtí títà jẹ́ èèwọ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà, ni títà rẹ̀ dé góńgó.

Lónìí, orí Facebook ni ojú tó ń rẹ́rìn-ín ti ń ta gbogboǹṣe tó ń wo àtọ̀gbẹ, jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ìgò kan ṣoṣo, bí ara oníbàárà kò bá sì yá, wọn a ní inú ìgò kẹta ni ewé tó kù wà.