Harwich, Ẹ Kú Ìnáwó Ìgbẹ́

Ẹ̀yin ará Harwich, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ kò sìnkú, ẹ kò gbéyàwó, ẹ kò ṣílé, síbẹ̀ owó tó jáde lápò yín, ẹni tó ta ilé fi sìnkú kò ná irú ẹ̀ rí. Lọ́dún 2017 ni ẹ tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Chatham, ìlú tó múlé gbè yín, pé ẹ ó san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là kí ìgbẹ́ yín lè ríbi wọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Ìgbẹ́ tí ẹ kò tíì yà o! Ìgbẹ́ ọ̀la, ìgbẹ́ ọ̀túnla, ìgbẹ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò tíì pàdé ìyá rẹ̀. Àwọn baba tiwa a máa fowó pamọ́ de oúnjẹ ọmọ. Ẹ̀yin ti rékọjá ìyẹn, ibi tí oúnjẹ náà ń gbà jáde lẹ ń fowó dè.

Gálọ́ọ̀nù 300,000 lójúmọ́ ni àyè tí Harwich rà. Ẹ gbé e sínú tánkà omi oní-lítà 10,000 tí a mọ̀ nílé, tánkà tó lé ní 113 ni yóò máa tò wọ Chatham lójoojúmọ́ bí wọ́n bá lo gbogbo rẹ̀, títí kan Sọ́ńdè àti ọjọ́ Kérésì. Ọpẹ́lọpẹ́ páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó ń bo àṣírí.

Ẹ̀yin ará ilé, kí ẹ má baà ní mo kàn fẹ́ bú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ n júwe ibẹ̀ fún yín. Cape Cod ni wọ́n ń pè é, etí òkun ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ìdílé Kennedy kọ́lé ìsinmi sí, ní Hyannis Port. Ìlú 15 ló wà níbẹ̀, Harwich àti Chatham wà lára wọn, owó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn: ilé tó kọjú sókun, ọkọ̀ ojú omi tó funfun báláú, ajá tó ní dókítà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ. Soakaway! Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ilé olówó wọ̀nyẹn, soakaway ni wọ́n gbẹ́ sẹ́yìnkùlé, gẹ́gẹ́ bíi ti ilé bàbá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iwájú ilé ń wo òkun Àtìláńtíìkì, ẹ̀yìn ilé ń mí gúlegúle.

Iyanrìn sì ni ilẹ̀ wọn. Ohun tó bá le á jókòó sínú tánkì, omi rẹ̀ á rì wọ iyanrìn lọ. Iyanrìn ò mọ bí wọ́n ṣe ń mú náítírójìn dúró, àgàgà ti inú ìtọ̀. Ìtọ̀ tí ọ̀gá tọ̀ lálẹ́ á rọra gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, kò gba ìwé ìrìnnà, ó di inú ọ̀sà. Bó bá débẹ̀, ajílẹ̀ ló dà. Ewé omi á hù, á bo ojú omi pátápátá. Nígbà tí ewé náà bá kú tó jẹrà, á gba èémí mọ́ ẹja lẹ́nu. Koríko ìsàlẹ̀ omi tí ẹja wẹẹrẹ ń sá sí á kú, àwọn ẹran inú ìkarahun á sì dàwátì. Àwọn olówó tó ra ilé lówó gọbọi nítorí ojú omi wá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí i pé ìtọ̀ tiwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wò.

Abẹ́ iyanrìn yẹn kan náà ni omi mímu wọn ti ń jáde. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, kànga yín àti soakaway yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ mélòó ló wà láàárín wọn? Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

Pleasant Bay ni ọ̀sà tó dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ìlú mẹ́rin ló ń tọ̀ sí i: Chatham, Harwich, Orleans àti Brewster. Lọ́dún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìwé àṣẹ kan ṣoṣo, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Massachusetts, pé kí oníkálukú mọ ìwọ̀n ìtọ̀ tirẹ̀ tí yóò kó kúrò níbẹ̀. Chatham ti tètè gbọ́n, ó ti ní ilé iṣẹ́ tó ń fọ omi ìdọ̀tí, àyè sì ṣẹ́ kù níbẹ̀. Harwich ò ní. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2020, 6,594 ni wọ́n bá ní Chatham, 13,440 ni wọ́n bá ní Harwich. Àbúrò ló nilé ìyàgbẹ́, ẹ̀gbọ́n ló ń di ìdí mú tó ń kanlẹ̀kùn.

Ṣé Harwich ò lè kọ́ tirẹ̀ ni? Ó lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n bá fọ̀ tán gbọ́dọ̀ ríbi dà sí, èyí sì ń fẹ́ ilẹ̀. Ẹ pe ìpàdé lórí ilẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ rí ìran. Gbogbo ìlú ló gbà pé kí wọ́n kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó gbà kó wà ládùúgbò òun. Ó sàn kí wọ́n fowó bẹ Chatham.

Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìlú méjèèjì yìí ti da ilé ìwé wọn pọ̀ láti ọdún 2012. Monomoy ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó dàgbà wà ní Harwich, ti àwọn tó tẹ̀ lé wọn wà ní Chatham. Nítorí náà, àwọn ọmọ Chatham ń lọ sí Harwich lọ gba ìmọ̀, ìgbẹ́ Harwich sì ń bọ̀ ní Chatham wá gba ìwẹ̀nùmọ́. Pàṣípààrọ̀ tó dáa ni. N ò kàn mọ èwo nínú méjèèjì ló ń náni lówó jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń rú ará ìlú lójú ni pé kì í ṣe ìgbẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún, àyè ni. Ẹni tó gba ìsọ̀ lọ́jà yóò sanwó ìsọ̀: ó tajà o, kò tajà o, òjò pa á délé o, kò kan ìyálọ́jà. Lẹ́yìn owó àyè, owó fífọ̀ tún wà lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ń fi mítà ojú páìpù wọ̀n. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, yìnyín á bolẹ̀ ní Cape Cod, àwọn onílé ìsinmi á ti sá lọ sí Florida, àyè tí wọ́n fi mílíọ̀nù rà á ṣófo kalẹ̀, eku lè jó níbẹ̀. Ẹ dúró de oṣù kẹjọ. Ọmọ á dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mẹ́ta, ọ̀rẹ́ á dé pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà, àfẹ́sọ́nà á gbé màmá rẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo wọn á jẹ edé àti àgbàdo sísè, wọ́n á sì tò síwájú ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo. Oṣù kẹjọ yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ náà dè. Àwọn ará ìlú tó ń gbọ̀n nínú yìnyín ló wá ń san gbèsè àyè tí àwọn oníṣòkòtò péńpé fẹ́ lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Òjò náà tún wà. Ní ìlú tí páìpù rẹ̀ bá ti gbó, omi abẹ́ ilẹ̀ á máa gba ojú tó sán wọlé. Àwọn kan á tún ti ọgbọ́n bọ̀ ọ́: wọ́n á so ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò ní ìsàlẹ̀ ilé wọn mọ́ páìpù ìgbẹ́, wọ́n á pa iná, wọ́n á ṣe bí ẹni tó ti sùn. Mítà ò mọ èyí tó tọ̀run bọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti ìdí bọ̀. Ìlú á gba ìwé owó, wọ́n á sì fi dọ́là fọ omi tí Ọlọ́run ti fọ̀ tán kó tó rọ̀ ọ́.

Àwọn ará Cape Cod ì bá má jìyà tó báyìí ká ní wọ́n tètè jí. Nígbà tí òfin omi mímọ́ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1972, ìjọba àpapọ̀ ń gbé dọ́là 75 nínú gbogbo 100 tí ìlú bá fẹ́ fi kọ́ ilé iṣẹ́ ìgbẹ́. Ọ̀fẹ́ ni o, ẹ̀bùn! Ìwé ètò omi tí wọ́n kọ fún Cape Cod lọ́dún 1978 ti ń kìlọ̀ nípa omi ìdọ̀tí. Àwọn ará ibẹ̀ kà á, wọ́n ní ó dára, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ, wọ́n padà sétí òkun. Àárín àwọn ọdún 1980, ẹ̀bùn ti já sí 55 nínú 100. Lọ́dún 1987 wọ́n sọ ọ́ di owó yíyá. Oúnjẹ tán lórí tábìlì, ìgbà náà ni àwọn ará Cape Cod tó wá béèrè ṣíbí. Àjọ kan tó ń jà fún àyíká ló gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n tó la ojú dáadáa, ètò tuntun sì jáde lọ́dún 2015.

Ta ni kó wá sanwó? Ẹ̀fẹ̀ gidi wà níbí. Provincetown, ìlú tó wà lórí ṣóńṣó Cape Cod, sọ pé ẹni tí páìpù bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni kó san án. Chatham ní rárá, gbogbo ìlú ni kó gbé e nínú owó orí ilé, torí pé gbogbo ìlú ló ń wo ọ̀sà. Bàbá tó ń gbé lókè, tí soakaway rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ geere, á dìde nípàdé ìlú, á ní, “Kí ló kàn mí nínú ìgbẹ́ àwọn ará etí omi?” Àwọn ará etí omi á dá a lóhùn pé, “Bàbá, abẹ́ ilé wa ni tiyín ń gbà kọjá.” Wọ́n ò sì purọ́ mọ́ ọn.

Ìpàdé ìlú yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Inú gbọ̀ngàn ni gbogbo olùdìbò tó bá fẹ́ ti lè jókòó, ìdá méjì nínú mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn kí ìlú tó lè yáwó. Òfin kan tún wà tí aráàlú fi ìbò gbé kalẹ̀ lọ́dún 1980, pé àpapọ̀ owó orí ilé tí ìlú ń gbà kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 2.5 nínú 100 lọ sókè lọ́dún, àfi ti ilé tuntun. Bí gbèsè bá fẹ́ ga ju ìyẹn, kí wọ́n tún padà lọ dìbò bòńkẹ́lẹ́. Ìgbẹ́ kan ṣoṣo, ìbò méjì. Gómìnà wa nílé kì í gba irú wàhálà yẹn.

Níkẹyìn wọ́n rántí àlejò. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Ní ìparí ọdún 2018 ìjọba ìpínlẹ̀ ṣòfin pé ẹni tó bá gba yàrá sùn ní Cape Cod, yálà hòtẹ́ẹ̀lì ni tàbí ilé àdáni tí wọ́n ń fi háyà, yóò fi ìdá 2.75 nínú 100 lé owó yàrá rẹ̀, inú àpò ìtọ́jú omi ló ń lọ. Àlejò rò pé atẹ́gùn òkun lòun ń sanwó fún.

Ní oṣù keje ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ wá na pàṣán. Wọ́n ní ìlú tí omi rẹ̀ ti bà jẹ́, tí kò sì gba ìwé àṣẹ bíi ti Pleasant Bay, onílé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ yóò fi owó ara rẹ̀ ra soakaway olóyìnbó tó ń mú náítírójìn, láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ wo bí àwọn tó ti ń bú páìpù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn páìpù.

Ìlú tó bá sì fẹ́ kí ìpínlẹ̀ yá òun lówó láìgba èlé, ó gbọ́dọ̀ fi òfin dè é pé páìpù kò ní mú kí ilé àti èèyàn pọ̀ ju bó ṣe yẹ kí wọ́n pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi di ti yàrá. Òfin soakaway wọn, Title 5, kì í ka orí èèyàn, yàrá ìbùsùn ló ń kà: gálọ́ọ̀nù 110 lójúmọ́ fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn lé ní kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́rìndínlógún, fún yàrá kan! Ẹni tó ń pọnmi ní Mọ́níyà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́. Bó ti wù kí ilé kéré tó, wọ́n á kà á sí yàrá mẹ́ta. Lọ́nà yẹn, gálọ́ọ̀nù 300,000 tí Harwich rà kò ju ti ilé 909 lọ.

Kò wá sẹ́ni tó ní yàrá ìbùsùn mọ́ ní Cape Cod. Yàrá ìránṣọ ni. Yàrá eré ìdárayá ni. Láìbìrì ni, bí bẹ́ẹ̀dì tilẹ̀ wà láàárín ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ òfin náà ti mọ èèyàn tipẹ́: bí yàrá inú ilé bá ti ju mẹ́jọ lọ, láìka balùwẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì, iye tó bá jáde ni yàrá ìbùsùn yín, ẹ báà ti sọ ọ́ lórúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá tó ń han'run nínú láìbìrì pé kó dìde, àwọn tó ń ka yàrá ti ń kanlẹ̀kùn.