Òṣómàáló Lọ Wo Òdòdó

Bí ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó bá sọ fún yín pé òun ń lọ wo òdòdó létí òkun, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló jẹ ẹ́ lówó níbẹ̀. Ìdí onígbèsè ni àwọn bàbá wọn tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá máa ń lóṣòó sí: òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Òṣómàáló. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń lóṣòó o, ṣùgbọ́n ìdí ewéko ni, fóònù lọ́wọ́, ojú kan dí, ojú kan là. Onígbèsè ìgbà yẹn a máa sá gba ẹ̀yìnkùlé. Òdòdó kò lè sá, síbẹ̀ wọn ò rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ò mọ̀ pé ìrìn ti dàṣà l'Ékòó. Ọjọ́ Sátidé bá pé, wọ́n á wọ bàtà kẹ́ḿbẹ́ẹ̀sì, wọ́n á de fìlà, wọ́n á ní àwọn ń lọ rìn. Àwọn wo? Àwọn tí kò lè fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ibùdókọ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n ń dúró dè láti sọdá títì méjì. Àwọn yẹn náà ló máa wọ dánfó gba Lawanson, gba Ojúẹlẹ́gbà dé CMS, tí wọ́n á wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, kí wọ́n lè rí iyanrìn gbígbóná rìn lórí rẹ̀ títí dé Lighthouse Beach. Owó ni wọ́n san o. Ẹni tó bá ní kí wọ́n rìn lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń bú wọn.

Kí wọ́n tó gúnlẹ̀ rárá ni wọ́n ti ń pariwo. Òdòdó àkọ́kọ́ wà lórí omi ọ̀sà: ewé tútù minimini tó léfòó, òdòdó elésè àlùkò lórí rẹ̀ gbẹẹrẹgẹ. "Háà, ó mà rẹwà o!" Awakọ̀ nìkan ni kò ní fèsì, torí ewé yẹn ló máa ń lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Water hyacinth ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ọdún 1984 ló sì gba ojú omi láti ìhà Bẹ̀nẹ̀ wọ Bàdágìrì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà náà, ẹ rántí 1984. Ìjọba Buhari ti bodè pa, ó pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, sọ́jà ń fi kòbókò to àgbàlagbà sórí ìlà ní ibùdókọ̀ torí WAI, ogun tí ìjọba náà gbé ti ìwà àìníbàáwí. Ẹni tó bá gbé ìrẹsì kan gba bodè Sẹ̀mẹ̀ á fojú winá. Ọ̀gbẹ́ni ewéko yìí kò gbé páàlì, kò kí kọ́sítọ́ọ̀mù, kò to ìlà, ó rọra léfòó wọlé. Títí dòní, kò sí ìjọba tó rí i lé jáde. Ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló ń ká a lọ́wọ́ kò, nígbà tí omi iyọ̀ bá ti inú òkun wọ ọ̀sà. Òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, á yọjú bí onílé tó wá gbowó ọdún tuntun.

Òdòdó tí wọ́n torí rẹ̀ sanwó gan-an, ìtàkùn ni, ó ń rá lórí iyanrìn níbi tí ewéko mìíràn kò láyà à dé. Ewé rẹ̀ nípọn, ó là sí méjì lórí bíi pátákò ewúrẹ́, òun ni àwọn onímọ̀ ewéko fi sọ ọ́ ní Ipomoea pes-caprae. Òdòdó rẹ̀ fẹ̀ lẹ́nu, ó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ sì dúdú ju etí rẹ̀ lọ. Òkun ń wọ́n ọn níyọ̀, oòrùn ń yan án, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Àárọ̀ ló máa ń ṣí. Bí oòrùn bá kanrí, á ká ara rẹ̀ jọ. Ẹgbẹ́ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó sì ti fẹnu kò pé aago mẹ́fà àárọ̀ làwọn máa gbéra. Ní aago mẹ́fà, ẹnì kan ń lọ aṣọ, ẹnì kan ń wá ṣájà, ẹnì kan ní kí wọ́n dúró kí òun ra àkàrà. Kí wọ́n tó dé ọ̀hún, òdòdó ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó ń mú wọn kiri wá ní mọ̀lẹ́bí kúkúǹdùnkún ni ìtàkùn náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kó sọ ọ́ létí alága àwọn onílé tó bá wọn wá. Bàbá ti mú igi, ó ń walẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń wá sà?"

"Ṣé o ní mọ̀lẹ́bí ni wọ́n? Ó yẹ kó ti bí nǹkan."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun ló di iyanrìn yìí mú."

Iyanrìn tibẹ̀ náà sì ní ìtàn. Lọ́dún 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ògiri òkúta sẹ́nu òkun Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé. Iyanrìn tí omi ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kọlu ògiri, kò rí físà kọjá, ló bá tẹ̀dó síbẹ̀, kò lọ mọ́. Ẹ ò rí i pé òun àti ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó jọ jẹ́ ará ilé. Bar Beach tó ń retí rẹ̀ ní ìhà kejì kò rí nǹkan kan gbà. Òkun jẹ ẹ́ títí ó fi kù díẹ̀ kó wá bá àwọn olówó Victoria Island nínú yàrá, kí wọ́n tó rọ́ iyanrìn dí i, tí wọ́n sọ ọ́ di Eko Atlantic.

Ìyá alágbo àdúgbò wa wà lára wọn, n ò mọ ẹni tó pè é. Òun ò wo ẹwà ohunkóhun. Ó rí yúnyún pẹ̀lú òdòdó aláwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn àwọn ilé etíkun, ó ní ó dára fún dídá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó já a. Ó rí ẹ̀wọ̀n adẹ́lẹ̀, ó já a. Ọmọge kan ti wólẹ̀ síwájú òdòdó kéékèèké kan tó fẹ́ẹ́ jọ aró, ó ya fọ́tò, ó gbé e sórí Instagram pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àrà Ẹlẹ́dàá, kó tó wá bèèrè orúkọ rẹ̀.

"Imí-eṣú ni, ọmọ mi."

"Mà?"

"Imí. Eṣú. Ó kún ẹ̀yìn ilé yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ibẹ̀ ni mo ti ń já a."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún wọn."

"N ò ní sọ. Àgbo rẹ̀ ni mò ń tà. N kì í gbowó fọ́tò."