Onílé Gbé Ilé Rẹ̀ Dání

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Wọn ò tíì rí RV nígbà tí wọ́n sọ ọ́. RV ni ọkọ̀ gbọọrọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé lọ sígbó nígbà ìsinmi: bẹ́ẹ̀dì ń bẹ nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì ń bẹ, fíríìjì ń bẹ, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbẹ́yìn. Onílé tó bá wa irú ọkọ̀ yìí, ibo ló tún fẹ́ máa pè ní ilé tí òun ń re? Ilé ń bẹ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, abọ́ ń kan ara wọn gbàgà-gbàgà nínú rẹ̀. Ìgbín ló kọ́kọ́ dá àṣà yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbín kì í kó ìyá, àbúrò, ìyàwó àbúrò àti ọmọ mẹ́fà sínú ìkarahun kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan ní Houston. Ẹ mọ̀ wọ́n. Bí ẹ ò bá mọ̀ wọ́n, a jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni. Bọ̀dá, tó jẹ́ àkọ́bí, ń ṣe ẹnjiníà. Àǹtí ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Maryland. Àbíkẹ́yìn ń ṣiṣẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ò lè ṣàlàyé. Màmá wà ní Ìbàdàn, wọ́n ń retí físà. Bọ̀dá ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀: "Bí Màmá bá dé lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò ní jókòó sílé máa wo fíìmù Yorùbá. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí Amẹ́ríkà."

Amẹ́ríkà tí Màmá gbọ́dọ̀ rí ni Yellowstone, ọgbà ìgbafẹ́ orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ Ulysses Grant buwọ́ lùwé rẹ̀ ní ọdún 1872. Ìpínlẹ̀ Wyoming ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti Houston, ó lé ní 1,500 máìlì ní àlọ nìkan. Bàálù ń lọ o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí èèyàn gbé ìkòkò ẹ̀gúsí wọ bàálù?

Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n pè é ní "Ìrìnàjò Màmá". Gbogbo ẹbí ló wà nínú rẹ̀, àfi Màmá. Ohun gbogbo ni wọ́n ń dìbò sí: ọjọ́ tí wọn yóò gbéra, ẹni tí yóò wakọ̀, àwọ̀ ankara tí wọn yóò wọ̀. Ìdílé yìí kan náà, bí wọ́n bá ní aago mẹ́rin ni àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu, aago mẹ́jọ ni onínàáwó máa ń dé. Wàyí o, ìdájí ni wọ́n ń jí láti du ibùdó, torí pé ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí lọ́gbà náà máa ń kún tipẹ́tipẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ibùdó kan ṣoṣo nínú ọgbà náà, Fishing Bridge, ló ní iná, omi àti páìpù ìdọ̀tí tí RV lè so mọ́. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàgọ́ aláṣọ síbẹ̀, nítorí béárì.

Ìyẹn ni pé wọn yóò fi ilé tó ní iná, omi àti páìpù ìdọ̀tí sílẹ̀, wọn yóò rin 1,500 máìlì, kí wọ́n lè bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn du ibi kan ṣoṣo tó ní iná, omi àti páìpù ìdọ̀tí. Bọ̀dá, tó máa ń ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ló lé òun kúrò ní Nàìjíríà, ló kọ́kọ́ béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Ó wà. Owó rẹ̀ tilẹ̀ wà lọ́tọ̀, wákàtí ni wọ́n ń kà.

Àǹtí ló kọ ìwé oúnjẹ: èlùbọ́, pòǹdó, pánlá, ata rodo tí wọ́n ti lọ̀ tó ti di yìnyín, irú wooro àti irú pẹ̀tẹ̀. Òfin ọgbà náà ni pé oúnjẹ, ìkòkò, àní ọṣẹ ìfọyín pàápàá, kò gbọdọ̀ wà níta láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Inú ọkọ̀ tàbí àpótí onírin ni kí wọ́n tì í mọ́, torí imú béárì mú ju imú ajá lọ. Ẹranko tí àwa mọ̀ nínú ìtàn Dáfídì nìkan, òun ni wọ́n fẹ́ fi irú pè wá jẹun. Àbíkẹ́yìn ní kí wọ́n kúkú máa jẹ búrẹ́dì. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ohun tó wá da ìpàdé rú ni ti ìgbọ̀nsẹ̀. Omi ìwẹ̀ àti omi àfọbọ́ ní táǹkì tiwọn. Ohun tó bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá ní tirẹ̀, táǹkì dúdú ni wọ́n ń pè é. Táǹkì dúdú kì í dá ara rẹ̀ dà nù. Ẹnìkan ni yóò wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò so páìpù rọ́bà mọ́ ìdí ọkọ̀, yóò ki ẹnu rẹ̀ kejì bọ ihò ilẹ̀, yóò ṣí i, yóò sì dúró tì í títí gbogbo ohun tí ẹbí jẹ láti Texas yóò fi kọjá tán. Àwọn tó gbé Èkó láyé àtijọ́ mọ orúkọ oníṣẹ́ yìí: agbépòó. Ṣùgbọ́n òru ni agbépòó ń jáde, ó ń bojú kí aládùúgbò má baà dá a mọ̀, wọ́n sì ń sanwó fún un. Tiwọn yóò ṣe é lọ́sàn-án gangan, lójú àna, òun náà ló tún dáwó ọkọ̀.

Bọ̀dá ní òun ni òun ń wakọ̀. Ọkọ Àǹtí ní àna lòun, kò sí ìlú tí wọ́n ti ń rán àna nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó Àbíkẹ́yìn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, ò sọ̀rọ̀. Ó kàn jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ béèrè iye tí wọn yóò san.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tó fẹ́ràn ìwé, kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé àwọn Tukudika, ẹ̀yà kan lára àwọn Shoshone, ló ń gbé inú igbó yẹn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń dọdẹ àgùntàn orí òkè, kí ìjọba tó sọ ọ́ di ọgbà, tí wọ́n sì kó wọn kúrò láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Onílé tí kò rílé re mọ́ nìyẹn. Wọ́n fi àtàǹpàkò dá a lóhùn, wọ́n padà sórí ẹni tí yóò sun bẹ́ẹ̀dì ńlá.

Ti ankara yanjú wẹ́rẹ́: àwọ̀ ọsàn. Àǹtí fẹ́ kí gbogbo ẹbí to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú bison, ẹfọ̀n Amẹ́ríkà. Òfin ní kí èèyàn jìnnà sí i ní mítà 23, ó kéré tán. Kò sì sí ẹranko tó tíì ṣe èèyàn léṣe nínú ọgbà náà tó o. Àǹtí ní wọn yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kámẹ́rà ni yóò fà á mọ́ra.

Wọ́n wá kan owó ìwọlé. Ẹni tó bá ti pé ọdún 62 lè san 80 dọ́là lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa wọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ títí ayé, ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní gíríìnkáàdì nìkan ni. Àlejò ńkọ́? Láti ọdún 2026 ni àlejò ti ń fi 100 dọ́là kún owó ìwọlé ní ọgbà 11, Yellowstone wà nínú wọn, àfi bó bá ra káàdì ọdún kan ní 250. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ tìtorí rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni owó tirẹ̀ wọ́n jù.

Físà jáde. Wọ́n pe Màmá lórí fídíò, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Màmá béèrè.

"Omi gbígbóná ni, Màmá! Ó ń tú jáde látinú ilẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Bíi ti Ìkógòsì?"

"Ó ju ìyẹn lọ, Màmá. Eléyìí ń ta sókè."

"Ìkógòsì ò jìnnà sí mi níbí, ẹ ò mú mi débẹ̀ rí. Ọjọ́ mélòó la ó fi wà lórí ìrìn?"

"Bí ọjọ́ mẹ́ta, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ lè máa sùn nínú ọkọ̀."

"Mo máa ń sùn nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó, kò sẹ́ni tó gba dọ́là lọ́wọ́ mi." Wọ́n rò ó díẹ̀. "Owó tẹ́ ẹ kó jọ yìí, ṣé kò lè gbé gbogbo yín wálé?"

Bọ̀dá ní àwọn yóò dìbò sí i.