Ọmú Ta Ni Òkété Ń Mu?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìtumọ̀ òwe náà ò fara sin: òbí ti tọ́ ọmọ, ó kù kí ọmọ tọ́jú òbí. Láyé òde òní, ọjọ́ tí ìyá bá pé 70 tàbí 80 ọdún ni ọmọ máa ń fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé òun ń san gbèsè ọmú náà. Wọn á mú màmá jáde lọ síbi ìgbafẹ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ètò ìjáde yìí yóò rí i pé òkété ò tíì já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Orí WhatsApp ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí á kó àwọn àbúrò rẹ̀ jọ láti Èkó, Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Màmá nìkan ni kì í sí níbẹ̀, torí wọ́n fẹ́ kó yà á lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àwọn ọmọ WhatsApp ti fá a tán, wọ́n sì ti ya fọ́tò rẹ̀.

Owó dídá ló kàn. Ẹni tó ń gba pọ́n-ùn ni wọ́n ń di ẹrù tó wúwo jù lé lórí; ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ni àbá rẹ̀ ń pọ̀ jù. Ìjà àwọ̀ aṣọ ẹbí máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó bá yá, àbígbẹ̀yìn á yọ́ pe màmá pé kó yá òun lówó díẹ̀, màmá á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá owó ọjọ́ ìbí rẹ̀ láìmọ̀.

Ti ibi tí wọ́n ń lọ ló le jù. Ọ̀kan á dárúkọ Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Òmíràn á ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ti ń já bọ́ ní ìpele 7. Ìkẹta á ní ọgbà Lẹ́kí, níbi tí afárá tó gùn ní mítà 401 ti ń fì láàárín àwọn igi. Làkúrègbé wà lórúnkún màmá, ṣùgbọ́n orúnkún ò sí lórí WhatsApp. Ìkógòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, tí àgbàlagbà lè jókòó ki ẹsẹ̀ bọ omi, kì í rí ìbò gbà: wọ́n ní fọ́tò ibẹ̀ kò ní dùn ún wò.

Lọ́jọ́ náà gan-an, wọn á ti wé gèlè fún màmá kí àkùkọ tó kọ. Bó bá béèrè àmàlà, wọn á ní kò bá òde mu; kéèkì alájà mẹ́ta ni wọ́n gbé ka iwájú ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jó fún ayàwòrán, ẹ̀yìn màmá ni ọmọ-ọmọ á wà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, "Ìyá ni wúrà" á ti wà lórí Facebook, àwọn tó kọ ọ́ á sì máa ka iye ẹni tó kí wọn.

Ètò tó bá òwe mu kò le. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi màmá léèrè: ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ kan tó ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ lọ kí. Kí ọ̀nà má jìn, kí ilé ìtura wà nítòsí, kí oúnjẹ jẹ́ èyí tí dókítà fọwọ́ sí. Owó tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ìyẹn ò gba aṣọ ẹbí.