Ìjàpá àti Ìgbànú Àwọn Wẹ́wẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn ẹranko ń ná ọjà Ayétòrò àti ti Ìlaròó, tí wọ́n ń kọjá ní bodè Ìdìrókò láìsí ìwé ìrìnnà, àwọn Wẹ́wẹ́ dé sí ilẹ̀ Yewa. Wẹ́wẹ́ kò tó èèrà. Wẹ́wẹ́ kò tó ìdin. Ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n bó bá wọ egbò, egbò á kẹ̀. Bó bá wọ inú, inú á dàrú.

Wẹ́wẹ́ kì í gbéyàwó. Wẹ́wẹ́ kì í yé ẹyin. Bó bá fẹ́ bímọ, yóò gùn díẹ̀ sí i, yóò di ìgbànú mọ́ ara rẹ̀ ní agbedeméjì, yóò máa fún un, yóò máa fún un, títí tí yóò fi já sí méjì. Ogún ìṣẹ́jú péré, iṣẹ́ ti parí. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó rí oúnjẹ, tó rí ibi tó gbóná, kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Orin wọn nìyí, ẹ bá mi gbè é:

Mo di ìgbànú mi o,
Jómijòmi.
Mo fún un, mo fún un,
Jómijòmi.
Ọ̀kan di méjì,
Jómijòmi.
Méjì di mẹ́rin,
Jómijòmi.
Ta ni yóò kà wá o?
Jómijòmi.

Wọ́n wọ ara Ètu. Wọ́n wọ ara Ìgalà. Àwọn oògùn tó wà nílẹ̀ kò ràn wọ́n mọ́. Ni Kìnnìún bá ránṣẹ́ pe Aláǹtakùn, torí Aláǹtakùn mọ òwú, ó mọ bí nǹkan ṣe ń so tó ń tú.

Aláǹtakùn jókòó ti àwọn Wẹ́wẹ́, ó ń wò wọ́n. Ọdún kan lọ. Ọdún kejì lọ. Ó rí i pé ìgbànú wọn kì í ṣe awọ, kì í ṣe aṣọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ ń so kọ́ ìlẹ̀kẹ̀, ó ń tú, ó tún ń so. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò mí bí òpùrọ́, ẹ gbọ́: ní 1991, Bi àti Lutkenhaus ní Amẹ́ríkà fi ìgbànú yìí gan-an han ayé. FtsZ ni wọ́n ń pe ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká máa bá àlọ́ wa lọ.

Aláǹtakùn ní, "Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá so tí kò rí ara tú mọ́, ìgbànú kò ní fún. Bí ìgbànú kò bá fún, Wẹ́wẹ́ kò ní bí. Àwa ẹranko kò sì ní irú ìgbànú bẹ́ẹ̀ lára, oògùn kò ní pa wá mọ́ wọn."

Kòtò kékeré kan wà lára ìlẹ̀kẹ̀ náà. Aláǹtakùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ohun tí yóò wọ inú rẹ̀. Àkọ́kọ́ tóbi jù. Èkejì kò yọ́ nínú omi. Ẹ̀kẹta wọlé, Wẹ́wẹ́ tì í síta. Ó tún un gbẹ́. Orí rẹ̀ hu ewú. Nígbà tó yá, ọ̀kan wọ kòtò náà wẹ́kú.

Wẹ́wẹ́ di ìgbànú, ìgbànú kò fún. Ó ń gùn, ó ń gùn, ó gùn bí okùn, ó bẹ́.

Mo di ìgbànú mi o,
Jómijòmi.
Mo fún un, kò fún o,
Jómijòmi.
Ọ̀kan kò di méjì,
Jómijòmi.

Inú ìlú dùn. Aláǹtakùn ní, "Kápúsù mẹ́rìnlá ni. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, fún ọjọ́ méje. Bí ara bá yá lọ́jọ́ kẹta, ẹ lò ó tán."

Òwìwí yí ojú ká, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Fleming tó rí pẹnisílíìnì ní 1928 sọ ọ́ ní 1945, nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ó ní ẹni tó bá lo oògùn tí kò tó, kò pa kòkòrò, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ wọn."

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ìjàpá ló pariwo jù. Òun náà ló dọ̀bálẹ̀ pé, "Kábíyèsí, èmi ni mo mọ ọ̀nà ọjà gbogbo. Ẹ jẹ́ kí n bá yín pín in." Kìnnìún gbé oògùn lé e lọ́wọ́.

Ìjàpá délé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi èékánná ya kápúsù sí méjì. Ó gbọn ìlàjì oògùn inú rẹ̀ sínú abọ́. Ó bu ìyẹ̀fun láfún, ó fi dí àyè tó ṣófo. Ó fi ahọ́n tọ́ ẹnu kápúsù, ó dé e padà.

Yánníbo ní, "Baálé mi, kí ni láfún mi ń wá nínú oògùn aláìsàn?"

Ìjàpá ní, "Ṣé aláìsàn kì í jẹun ni?"

Kápúsù mẹ́rìnlá di méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìjàpá náà ti mọ bí ọ̀kan ṣe ń di méjì.

Ó di wọ́n sínú ọ̀rá ní mẹ́ta mẹ́ta, ó ń kiri wọn ní Ọjà-Ọ̀dán, ó ń kiri wọn ní ibùdókọ̀. Èyí tó kù, ó ṣe fàyàwọ́ rẹ̀ gba inú igbó lóru. Ajá aṣọ́bodè dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rù?"

"Àbúrò, eegun ni." Ó ju kan sí i. Eegun kún Ajá lẹ́nu, kò rí ẹnu gbó mọ́.

Ètu ra mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì ara rọ̀ ọ́, ó fi ọ̀kan pamọ́ de ọjọ́ mìíràn. Àwọn Wẹ́wẹ́ kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló kú. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí kòtò ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ wọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Oògùn kò rí ibẹ̀ wọ̀. Ó di ìgbànú, ó fún. Ọ̀kan di méjì. Méjì di mẹ́rin. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló jọ ọ́.

Ọmọ Ètu kó o, ó kú. Ìgalà dùbúlẹ̀, kò dìde. Ìjàpá sáré lọ sí ààfin: "Kábíyèsí, ẹ ò rí i pé oògùn Aláǹtakùn ni kò dáa?" Wọ́n lé Aláǹtakùn. Ìdí nìyẹn tó fi sá lọ sí igun àjà títí dòní.

Lóru ọjọ́ kan, Ìjàpá tún gbé ẹrù. Ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́ létí odò Yewa, kùkùté igi gún un lẹ́sẹ̀. Egbò kẹ̀. Ẹsẹ̀ wú. Yánníbo sáré lọ tú àpò ọkọ rẹ̀, ó gbé kápúsù wá.

Ìjàpá figbe ta: "Kì í ṣe ìyẹn! Láfún ni! Láfún ni!"

Àwọn ará ilé gbọ́. Ajá gbọ́. Eegun bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n bẹ Aláǹtakùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú ojúlówó wá. Ìjàpá lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, kò fo ọ̀kan. Ni wọ́n bá gbọ́ orin látinú egbò:

Ẹ káàbọ̀, tíṣà wa o,
Jómijòmi.
Ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ kọ́ wa o,
Jómijòmi.
Kò ṣòfò o, kò ṣòfò,
Jómijòmi.
Ọ̀kan di méjì,
Jómijòmi.

Ìjàpá kò kú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Oògùn tó ń mú ìgbànú yìí kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù kankan ní ayé tiwa. Àwọn Aláǹtakùn ṣì ń gbẹ́ ẹ. Inú àlọ́ nìkan ni wọ́n ti ń tà á. Ṣùgbọ́n Ìjàpá kò dúró dìgbà tó bá dé. Ó ti sá láfún tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Pó, pó, pó.